Ọ̀rẹ́ Tí Kò Nírùngbọ̀n

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọkùnrin tó ni ìtàn yìí bẹ̀ wá pé kí a má kọ "mo" sínú rẹ̀. Ó ní "ó" ni kí a máa pe òun. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló bọ́ aṣọ lára òun, ọ̀rọ̀ yẹn náà ló sì yẹ kí òun máa wọ̀ kiri. Bí ẹ bá kà á dé òpin, á yé yín.

Iṣẹ́ gíláàsì ojú ló ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há, ṣùgbọ́n iná orí tábìlì rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, omi sì máa ń kán tó, tó, tó sórí ẹ̀rọ tó fi ń lọ dígí kí dígí má baà gbóná. Oní-gíláàsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí ẹ bá wọlé tọ̀ ọ́, kì í kọ́kọ́ wo ojú yín. Imú yín ló máa wò, nítorí pé imú ló ń ru gíláàsì.

Ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Tíṣà ni ọkọ rẹ̀ gan-an ń pè é nínú ilé. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Obìnrin ni àkọ́bí, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wọ́n bá sọ ọ́ ní Ìyá Ìbéèrè. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin rí rogodo, kì í dúró lójú kan, òun ni wọ́n ń pè ní Bọ́ọ̀lù.

Ó ti pẹ́ tí tọkọtaya yìí ti ń sọ pé àwọn á kó àwọn ọmọ lọ wo òkè òkun. Ọdún tó wá ṣeé ṣe, ó ku kí wọ́n mú ìlú.

Tíṣà kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Gbogbo òbí tó ti rìnrìn-àjò ló dá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Kì í béèrè bóyá ìlú náà lẹ́wà.

"Ṣé kẹ̀kẹ́ ọmọ lè gba ojú títì ẹ̀ kọjá? Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ tọ̀ lójijì, ibo lẹ gbé e sí? Tó bá sunkún nínú bọ́ọ̀sì ńkọ́, wọ́n dìde fún yín àbí wọ́n fojú burúkú wò yín?"

Nígbà tó béèrè tán, ó mú ìlú kan létí òkun. Omi ibẹ̀ kì í ju orúnkún ọmọdé lọ títí èèyàn á fi rìn jìnnà. Ilé ẹja kan wà níbẹ̀ tí ẹja ńláńlá ń kọjá lẹ́yìn dígí. Ilẹ̀ ọkọ̀ ojú irin wọn bá ibi tí èrò ń dúró sí mu dọ́gba, èèyàn á kàn ti kẹ̀kẹ́ ọmọ wọlé ni.

"Bàbá Bọ́ọ̀lù, ẹ wo dígí yẹn," ló wí, ó na fóònù sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin onídígí, ṣé ẹ ti lọ irú èyí rí?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ìlú náà tẹ́ òun lọ́rùn. Òtítọ́ ló sọ lọ́jọ́ náà.

Àfi bí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe fún un ní nọ́ńbà ẹnìkan. Ẹni náà àti òun ni wọ́n jọ jókòó lórí àga gbọọrọ kan nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ dígí. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti wà láàárín wọn nígbà náà, kí ẹni náà tó lọ sí òkè òkun tí ohùn sì dákẹ́. Oní-gíláàsì tẹ ọ̀rọ̀ ìkíni lásán ránṣẹ́ sí i. Kò pẹ́ tí èsì fi dé.

"Ṣé o ṣì máa ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu dígí?"

Ó wo ara rẹ̀. Etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi nu dígí. Ó ṣe é bí ẹni pé ẹnìkan ń wò ó láti ojú fèrèsé.

Láti ọjọ́ náà, bí fóònù bá ti dún, á pa ẹ̀rọ. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀. Dígí ni wọ́n ń sọ, àti ọ̀gá wọn, àti ẹ̀rín àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé iná tó máa jó ilé kì í kọ́kọ́ ké. Ó béèrè bóyá ọmọdé lè gbádùn ìlú tí ẹni náà ń gbé. Èsì wá pé, "Ọgbà ńlá kan wà níbí, àwọn ọmọdé máa ń wá síbẹ̀."

Ohun tó ń wá gan-an nìyẹn.

"Tíṣà, mo ti rí ìlú mìíràn. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ kọ́ṣẹ́ ń gbé ibẹ̀. Ó ní ọgbà ńlá wà, àwọn ọmọdé máa ń wá síbẹ̀."

Tíṣà ń tú irun Ìyá Ìbéèrè. Kò gbójú sókè. "Ọ̀rẹ́ yín yẹn, ó lọ́mọ?"

"Kò tíì lọ́mọ."

"Ẹni tí kò lọ́mọ ló ń sọ ìlú tó dára fún ọmọ? Apárí ló ń júwe onídìrí fún wa yìí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ibi ẹ̀rín yẹn gan-an ni Oní-gíláàsì ti ṣàkíyèsí nǹkan kan. Tíṣà rò pé ọkùnrin ni ọ̀rẹ́ náà.

Kò parọ́ fún un. Èdè wa ni kò ka ìyẹn sí. Ọkùnrin lọ, a ní "ó lọ". Obìnrin lọ, a ní "ó lọ". Ewúrẹ́ gan-an já okùn, "ó lọ" náà ni. Orúkọ tí ọ̀rẹ́ náà ń jẹ́, takọtabo ló ń jẹ́ ẹ. Oní-gíláàsì wá sá sábẹ́ "ó" bí ẹni tó sá sábẹ́ àjà nígbà òjò. Ó ní bí òjò bá dá, òun á jáde.

Kò jẹ́ pe ẹni náà ní bọ̀dá. Kò sì pè é ní àǹtí. Ó ń rìn láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń rìn láàárín ẹyin.

"Dádì, ọ̀rẹ́ yín, ṣé ó nírùngbọ̀n?" Ìyá Ìbéèrè nìyẹn.

"Kò nírùngbọ̀n."

"Kí ló dé?"

"Kò kàn hù ni."

"Á jẹ́ pé ó máa ń fá a," ni Tíṣà wí. "Àwọn ọkùnrin òkè òkun máa ń ṣe fáàrí."

Oní-gíláàsì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló fi ń gbè lẹ́yìn ìlú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lójú rẹ̀, ìlú etí òkun ti wá ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ jù, iyanrìn á kó sójú ọmọ, omi lè gbé Bọ́ọ̀lù lọ. Tíṣà ń fetí sílẹ̀. Níkẹyìn, ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. Bí ẹnìkan tó mọ̀ wá bá wà níbẹ̀, ìyẹn náà dára. Bí ọmọ bá ṣàìsàn, a ó rí ẹni ké sí."

Ó gbà nítorí ọ̀rẹ́ náà. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa.

Tíṣà ní àwọn ò lè lọ bá èèyàn lọ́wọ́ òfo. Ó ra bẹ́líìtì aláwọ kan tó ń dán.

"Báwo ni ìbàdí rẹ̀ ṣe rí?"

"Kò tóbi. Ó tẹ́ẹ́rẹ́."

"Ẹ gbọ́wọ́ sókè." Ó na ọwọ́ méjèèjì yí ọkọ rẹ̀ ká, ó de bẹ́líìtì náà mọ́ ọn wò. Orí rẹ̀ fara kan àyà rẹ̀. Òórùn ẹfun tí wọ́n fi ń kọ pátákó wà lára irun rẹ̀. "Bó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù yín lọ, ihò kẹta ló máa lò."

Ọkùnrin náà dúró, ó gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Ó ku díẹ̀ kó sọ ọ́. Ó yánu.

"Kí lẹ fẹ́ wí?"

"Bẹ́líìtì náà dára," ló wí.

Bí wọ́n ṣe dé ìlú náà ni òkúta títì gba táyà kẹ̀kẹ́ Bọ́ọ̀lù mú, táyà ọ̀hún sì yọ. Abẹ́ òrùlé ni yàrá wọn wà, àtẹ̀gùn lẹ́yìn àtẹ̀gùn, kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè. Oní-gíláàsì gbé Bọ́ọ̀lù, ó gbé àpótí, ó padà wá gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ tó ti yarọ. Nílé oúnjẹ, obìnrin kan wo àwọn ọmọ bí ìgbà tí èèyàn rí ọ̀bọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó àwo rẹ̀ kúrò létí wọn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní dandan ni kí wọ́n ká kẹ̀kẹ́, Bọ́ọ̀lù sì ń sùn nínú ẹ̀. Ilé àwòrán tí wọ́n wọ̀, "ẹ má fọwọ́ kàn án" ló wà lára gbogbo nǹkan, àní lára àga.

"Dádì, àwọn ọmọdé ìlú yìí dà?" ni Ìyá Ìbéèrè béèrè. "Mi ò rí ọmọdé kankan."

"Bóyá wọ́n ti kó wọn lọ sí ìlú etí òkun," ni Tíṣà dáhùn. Bàtà ti bó o ní gìgísẹ̀, ó ń tiro. "Bàbá Bọ́ọ̀lù, ọ̀rẹ́ yín tó ní ìlú yìí dára, ibo ló wà? Mo fẹ́ fojú rí i."

"Ó wà níbi iṣẹ́."

"Àtàná?"

"Iṣẹ́ ń pọ̀ fún un."

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní bẹ́líìtì ẹ̀ ń dúró."

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí Tíṣà gbé ẹsẹ̀ sókè kó sinmi, òun á mú ọmọ lọ sí ọgbà. Bọ́ọ̀lù nìkan ló mú. Ìyá Ìbéèrè bú sẹ́kún.

"Èmi náà fẹ́ lọ!"

"Dúró ti Mọ́mì, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n."

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a sọ òkodoro. Kì í ṣe ẹsẹ̀ Mọ́mì. Èyí tí kò tíì lè ròyìn ló yàn.

Ọ̀rẹ́ náà wà lórí ìjókòó onígi kan nínú ọgbà, ó wọ kóòtù àwọ̀ ewé. Bọ́ọ̀lù rí àwọn ẹyẹlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn.

"O ti sanra," ni obìnrin náà wí.

"Ìwọ ò sanra."

"Ìyàwó ẹ dà? Mo rò pé gbogbo yín lẹ ń bọ̀. Mo mú rìbọ́nù wá fún ọmọbìnrin yẹn."

"Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Mo... mo fẹ́ kí àwa méjèèjì kọ́kọ́ rí ara wa ni."

Obìnrin náà ká rìbọ́nù náà padà sínú àpò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin náà bá sá sínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

"Gíláàsì ẹ wọ́."

"Ó pẹ́ tó ti wọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe níbí."

Ọkùnrin náà bọ́ ọ lójú rẹ̀. Ojú obìnrin náà láìsí gíláàsì kéré, ó rọ̀, bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ọkùnrin náà fa etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde, ó nu dígí kan, ó nu ìkejì.

"Ọ̀gá á gbá ẹ létí," ni obìnrin náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà tẹ apá gíláàsì náà wálẹ̀ díẹ̀. Ó fi í sí i lójú. Ó fi ìka ti irun rẹ̀ sẹ́yìn kí apá náà lè jókòó létí, ìka náà sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Obìnrin náà mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e kúrò, jẹ́jẹ́, ó dá a padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni dá ẹrù padà fún olówó ẹ̀.

"Ọmọ ẹ dà?" ló wí.

Àwọn ẹyẹlé ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti balẹ̀, wọ́n ń ṣa oúnjẹ jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó ń lé wọn mọ́.

"Bọ́ọ̀lù!"

Adágún omi kan wà nísàlẹ̀ ọgbà náà. Omi náà ló kọ́kọ́ wò, omi náà sì parọ́rọ́, kò sọ nǹkan kan fún un. Ó sáré lọ sọ́tùn-ún, ó sáré padà. "Bọ́ọ̀lù! Bọ́ọ̀lù o!" Bàbá àgbàlagbà òyìnbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn gbọ́ ọ. Ó tẹ̀ ba, ó fi ọ̀pá rẹ̀ wọ́ bọ́ọ̀lù pupa kan jáde lábẹ́ òdòdó, ó gbé e fún un tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Oní-gíláàsì gbà á. Kò mọ ohun tó ń gbà. Ó di bọ́ọ̀lù náà mú, ó ń pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀, bàbá náà sì ń wò ó bí ẹni pé kí ló tún kù tí ọkùnrin yìí ń wá.

"Mò ń lọ sí ọ̀nà ìsàlẹ̀," ni obìnrin náà ké. "Ìwọ lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́!"

Obìnrin aláṣọ búlúù ni ẹ̀ṣọ́ tó lọ bá, ó mú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó fẹ́ rí fọ́tò ọmọ. Inú fóònù Tíṣà ni gbogbo fọ́tò wà. Ọkùnrin tó ti ń sá fún ìyàwó rẹ̀ láti àárọ̀ wá fọwọ́ ara rẹ̀ pè é.

"Tíṣà. Jọ̀ọ́. Mi ò rí Bọ́ọ̀lù."

Ilẹ̀kùn ló gbọ́, àti ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Tíṣà dé, ó wọ bàtà lẹ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ ní gìgísẹ̀. Ó fa Ìyá Ìbéèrè lọ́wọ́. Kò bú ọkọ rẹ̀. Ó fi fọ́tò han ẹ̀ṣọ́, ó júwe ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ, bàtà rẹ̀, àpá kékeré tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ pe fóònù ọ̀rẹ́ náà. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e.

Ẹ̀rọ ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ náà wá sọ̀rọ̀. Wọ́n ti rí obìnrin kan létí ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀, ó gbé ọmọkùnrin kékeré kan, ọmọ náà ń sunkún, ó ń ta ẹsẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ yíjú sí wọn.

"Ǹjẹ́ ẹ ní obìnrin kankan tẹ́ ẹ jọ wá?"

"Rárá!" Tíṣà ti dá a lóhùn, òyìnbó rẹ̀ já geere. "A ò mọ ẹnikẹ́ni níbí. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi nìkan ló wà, ọkùnrin sì ni. Obìnrin yẹn ń jí ọmọ mi gbé lọ! Ẹ mú un! Ẹ tì í mọ́lẹ̀!"

Ẹ̀ṣọ́ gbé ẹ̀rọ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó wo ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí Tíṣà tó dé, ó ti gbọ́ tó ń wí pé "ọ̀rẹ́ mi ń wá a, ọ̀rẹ́ mi ti lọ sísàlẹ̀."

"Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀rẹ́ yín tó ń wá ọmọ yìí, ọkùnrin ni tàbí obìnrin?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, nínú òyìnbó, "ó" kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n là á sí méjì, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin, kò sì sí àjà kankan láàárín méjèèjì tí èèyàn lè sá sí.

"Ẹ dá a lóhùn, Bàbá Bọ́ọ̀lù!" Tíṣà di apá rẹ̀ mú, ó ń mì í. "Wọ́n ń gbé ọmọ lọ! Ẹ sọ fún un pé ọkùnrin ni!"

Bó bá ní ọkùnrin, ilé rẹ̀ á dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n á ṣubú lu obìnrin náà lójú pópó pẹ̀lú Bọ́ọ̀lù ní ọwọ́ rẹ̀, létí omi, létí ọkọ̀. Bọ́ọ̀lù pupa yẹn jábọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó yí lọ.

Ó sọ ọ́ ní òyìnbó. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, kò gùn ju èémí lọ. Ti obìnrin ni.

Ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ rẹ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan obìnrin náà. Tíṣà fi apá ọkọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí lẹ wí?"

"Obìnrin ni ọ̀rẹ́ mi, Tíṣà."

"Ọ̀rẹ́ wo?"

Ìyá Ìbéèrè ló gbójú sókè wò ó.

"Dádì, ṣé ìdí tí kò fi nírùngbọ̀n nìyẹn?"

Nígbà náà ni obìnrin náà yọ lábẹ́ igi, ó gbé Bọ́ọ̀lù, Bọ́ọ̀lù ti já gíláàsì lójú rẹ̀, ó sì ti ká apá gíláàsì náà méjèèjì. Tíṣà fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ sáré. Ó gba ọmọ, ó gbóòórùn orí rẹ̀, ó tẹ apá rẹ̀, ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún gbóòórùn orí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló wá kọjú sí obìnrin náà.

"Ẹ ṣeun. Ẹ kú làálàá ọmọ. Ọlọ́run á fún yín ní tiyín."

"Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́," ni obìnrin náà wí. Ó ń ṣẹ́jú, kò ríran dáadáa. "Mo rò pé ẹ mọ̀. Mo rò pé ó ti sọ fún yín."

"Ó sọ fún mi," ni Tíṣà wí. "Ó sọ ọ́ láàárọ̀, ó sọ ọ́ lálẹ́. Èmi ni mi ò gbọ́."

Nínú yàrá abẹ́ òrùlé náà, àwọn ọmọ sùn lọ nínú aṣọ tí wọ́n wọ̀. Tíṣà ń kó ẹrù. Ẹnu àpótí rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wọ́ ọ lórí òkúta, kò pa dé mọ́. Ó wá inú ẹrù, ó mú bẹ́líìtì aláwọ náà jáde, ó wò ó, ó fi di àpótí náà gírígírí. Ihò kẹta ló lò.

"Tíṣà, mo búra, kò sí nǹkan kan láàárín wa. Mi ò sì parọ́ fún ẹ rí. Ronú ẹ̀ wò, gbogbo ohun tí mo sọ—"

"Mo ti rò ó. O ò parọ́ lóòótọ́."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ni obìnrin yìí ń fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú ìjà, nínú ìrọbí ọmọ méjèèjì, kò pè é ní "o" rí. Ọkùnrin náà gbà pé èébú kì bá dun òun tó "o" kékeré yẹn.

"Ká ní o parọ́ ni," ni Tíṣà ń wí lọ, "mi ò bá bínú sí irọ́ náà. Èmi gan-an lo fi ṣe irọ́. Mo fi ọwọ́ ara mi wọn bẹ́líìtì fún un lára ẹ, o gbọ́wọ́ sókè, ò ń wò mí. Mo mú ìlú tó dára fún àwọn ọmọ mi. O wá mú èyí tó dára fún ẹ, o sì ní ọmọ lo mú un fún."

"Jọ̀ọ́."

"Láàárọ̀ ọ̀la, mò ń kó wọn lọ sí etí òkun. Ọjọ́ tí a ó padà sílé, a ó bá ẹ ní pápákọ̀ òfuurufú. Má tẹ̀ lé wa."

Ó bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí pákó yàrá náà, ó sì rí ìyarun Ìyá Ìbéèrè tó bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ìyarun yẹn ni ojú rẹ̀ ń wò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé kẹ̀kẹ́ tó yarọ náà sọ̀ kalẹ̀ fún wọn, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ìró táyà tó ń kọ lórí òkúta fi dákẹ́. Ìyá Ìbéèrè nìkan ló bojú wẹ̀yìn.

Ohun tó bẹ̀ wá kí a bá òun sọ fún yín kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan ìlú tí ẹ ó kó ọmọ lọ, ẹ bi ara yín léèrè bóyá ọmọ ni ẹ ń yàn án fún. Ohun tí ẹ kò bá sì lè sọ ní èdè méjì, ẹ má ṣe sọ ọ́ ní ẹyọ kan.

Ó dá wà nínú yàrá náà. Kò jáde. Obìnrin aláṣọ àwọ̀ ewé kò pè é mọ́, òun náà kò pè é. Ó ń pe fóònù Tíṣà, kò gbé e. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni fóònù rẹ̀ fúnra rẹ̀ dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já a bọ́ níbi tó ti ń gbé e.

"Dádì!" Ìyá Ìbéèrè ni. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ gan-an lẹ́yìn rẹ̀. "A ti rí ẹja tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ! Ó wá síbi dígí, ó wo Bọ́ọ̀lù! Àwọn ọmọdé pọ̀ níbí, Dádì, ibí ni gbogbo wọn wà!"

"Ó dáa, ọmọ mi. Ṣé ẹsẹ̀ Mọ́mì ti san?"

"Ó ti ń san. Ọ̀rẹ́ Mọ́mì ló bá wọn ra oògùn."

Oní-gíláàsì jókòó.

"Ọ̀rẹ́ Mọ́mì?"

"Ẹ̀n. Ó ń bá wa rìn kiri. Ó gbé Bọ́ọ̀lù sí èjìká kó lè rí ẹja. Ó máa ń pa Mọ́mì lẹ́rìn-ín! Ó ní òun á tún wá lọ́la."

Ó tẹ fóònù mọ́ etí. Ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbé ohùn náà lọ, kò jẹ́ kó mọ irú ohùn tó jẹ́. Ó, ó, ó. Ó kà á lọ nínú ara rẹ̀, kò rí ibi tó là sí méjì.

"Ìyá Ìbéèrè."

"Dádì?"

"Ọ̀rẹ́ Mọ́mì yẹn, ṣé ó nírùngbọ̀n?"

Ọmọ náà gbé fóònù kúrò létí. Ó gbọ́ tó ń béèrè nǹkan. Ó gbọ́ ohùn Tíṣà, jẹ́jẹ́, bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Afẹ́fẹ́ fẹ́. Ọmọ náà padà dé.

"Mọ́mì ní kò nírùngbọ̀n."

"Kí... kí ló dé?"

"Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé kò kàn hù ni."